Ọjọ́ Méje Lórí Ògiri, Ọgọ́ta Ọjọ́ Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé aago fún Bàbá Aláago gbọ́dọ̀ gbé sùúrù dání pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ bàbá náà ò lọ́ra o. Aago tí ẹlòmíì á tú palẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun á ti tún un ṣe kí oòrùn tó kanrí. Ògiri ni wàhálà. Bó bá ti tún aago ṣe tán, á gbé e kọ́ sórí ọ̀kan nínú ìṣó mẹ́sàn-án tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé kékeré kan, aago náà á sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Bó bá fi ìṣẹ́jú kan péré rẹ̀yìn láàárín ọjọ́ méje yẹn, Bàbá á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún un yẹ̀ wò, á dá a padà sórí ìṣó, á sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ sunkún, ẹ ní ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: "Ọjọ́ méje lórí ògiri."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé onísùúrù èèyàn ni. Irọ́ gbáà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Bàbá Aláago fúnra rẹ̀, kò lè dúró kí omi hó. Á ti ṣí ìdérí ìkòkò nígbà mẹ́rin, á sì ní iná yẹn ò dáa. Ìgbà kan wà tó dìde lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ku apá kan, ó ní èyí tí wọ́n ti gé náà tó. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí gbogbo ilé sì ń pè ní Nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé gbogbo sùúrù tí Ọlọ́run fún bàbá òun, ara ògiri ló gbé e kọ́ sí.

Nǹkan kan wà tí bàbá yìí fẹ́ràn ju gbogbo aago rẹ̀ lọ, orúkọ sì ni. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ló bá a forúkọ ìkànnì sílẹ̀ lórí ayélujára ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣe é. Ẹni tó bá tẹ orúkọ náà sínú fóònù, ojú ewé ṣọ́ọ̀bù ló máa já sí. Níbẹ̀ lẹ máa rí ògiri oníṣó mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àti àwòrán òun àti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, Bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ayàwòrán ń pẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí Tíṣà ti lọ. Láràárọ̀, kí Bàbá tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ tẹ orúkọ yẹn, á wo ojú ìyàwó rẹ̀, á sì kí i. Bí orúkọ yẹn bá bọ́ sọ́nù, kò sí ibòmíì tó tún ti lè kí i mọ́. Òun nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ ìkànnì kì í dá gbé, ó ní láti ní ilé iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí Tíṣà gbé tiwọn sí wà ní òdìkejì títì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé tí onígbàjámọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà ò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Orúkọ sì ni àdúgbò ń pè é.

Aago ògiri tí bàbá Ọ̀gá Orúkọ fi sílẹ̀ fún un ló dá ìjà sílẹ̀. Ó gbé e sọ́dọ̀ Bàbá Aláago, Bàbá tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé e kọ́. Ó ń lọ geere títí di ọjọ́ kẹfà, ló bá fi ìṣẹ́jú méjì rẹ̀yìn. Bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nù ún, ó fi òróró kàn án, ó gbé e padà. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tún rẹ̀yìn. Nígbà tí Ọ̀gá Orúkọ wá lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní," ló wí.

"Bàbá, aago ni mo gbé wá o. Mi ò gbé aláìsàn wá sí ọsibítù."

"Aláìsàn sàn jù ú lọ. Aláìsàn máa ń sọ ibi tó ń dùn ún."

"Ẹ gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré! Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ni màá mọ̀."

Ọ̀gá Orúkọ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ilé ayé yí po. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà á dúró dè mí." Ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi aago sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Bàbá lọ́kàn. Ó yí aago ọkùnrin náà padà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbọ́ ti ìbínú, nítorí pé ọjọọjọ́ Mọ́ńdè ló ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ yí i kó lè máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọdá lọ bá onígbàjámọ̀, ó sì búra níwájú èèyàn mẹ́rin pé kí oṣù yẹn tó parí, orúkọ òun á ti kúrò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, á ti bọ́ sí ilé iṣẹ́ míì.

"Bí kò bá kúrò, ẹ fá orí mi kodoro!"

Onígbàjámọ̀ wo orí náà dáadáa. Ó ní, "Bàbá, kí ló kù níbẹ̀ tí mo fẹ́ fá?"

Nọ́ọ̀sì ló mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń wọ bàtà ibi iṣẹ́. "Kò le, Bàbá mi. A ó ṣí àgádágodo tó wà lára orúkọ náà, wọ́n á fún wa ní kóòdù kan, a ó gbé kóòdù náà fún ilé iṣẹ́ tuntun. Ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún, kó sì ti kọjá síbẹ̀. Ẹ sáà má fọwọ́ kan nǹkan kan títí màá fi dé lálẹ́."

Lálẹ́ kẹ̀? Kí Nọ́ọ̀sì tó dé ibùdókọ̀, Bàbá ti rí ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ìwé Tíṣà, ó ti fi wọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ náà lórí fóònù. Ibi tí wọ́n kọ "Ẹni tó ni ín" sí, orúkọ Tíṣà ló wà níbẹ̀. Bàbá rò ó, ó ní kò dáa kí olóògbé máa kó ẹrù, òun lọkọ, òun ló yẹ kí òun ru ú. Ó pa orúkọ Tíṣà rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sí i. Ìkìlọ̀ pupa kan yọ. Bàbá rò pé ìpolówó ọjà ni, ó tẹ "Mo gbà". Ó wá fẹ́ gba kóòdù. Fóònù ní kò sí kóòdù, ó di ọgọ́ta ọjọ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "O ti ń san ẹ̀san!" ló fi kí Ọ̀gá Orúkọ.

Ọ̀gá Orúkọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dì í mú kó má rẹ́rìn-ín. "Bàbá, òfin tèmi kọ́. Gbogbo àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí ló dè. Bí orúkọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ kó kúrò níbi tó wà títí ọgọ́ta ọjọ́. Ká ní ẹ ti kọ́kọ́ kó lọ ni, kẹ́ ẹ wá yí orúkọ padà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ìdúró yìí ò ní mú yín níbí. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kà á."

"Èmi lọkọ ẹni tó ni ín!"

"Mo mọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹnì kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀, tó ní aago Lágbájá ti di tòun, tó sì ní kẹ́ ẹ yára gbé e fún òun kí ilẹ̀ tó ṣú, kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní olè ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Bàbá fa ojú ro. "Ṣé èmi lò ń pè lólè?"

Bó ṣe di pé ọkùnrin tó ń fi ọjọ́ méje dá gbogbo ayé dúró wá ń ka ọgọ́ta nìyẹn. Ó lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi gègé pupa pa ọjọ́ rẹ́, nígbà míì á pa ọ̀la mọ́ òní. Ọjọọjọ́ Mọ́ńdè á gun òkè lọ, á yọrí sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ó ku mélòó?" gẹ́lẹ́ bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń yọrí sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kò rí ìjọra náà. Ẹni tó bá ti ń bínú kì í rí dígí. Ó tiẹ̀ ní kí ọmọ iléèwé kan bá òun kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé ìkànnì pé: À Ń KÓ KÚRÒ NÍBÍ LÁÌPẸ́, Ẹ MÁA FOJÚ SỌ́NÀ. Ìyẹn ni kí Ọ̀gá Orúkọ lè rí i, kó sì dùn ún.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, ọwọ́ ń yún un. Ó wọlé lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ, ó sì rí i pé àdírẹ́sì ímeèlì Tíṣà ṣì wà lábẹ́ orúkọ òun. Ó ní kí òun ti tún ilé ṣe sílẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó pa á rẹ́, ó kọ tuntun. Ìkìlọ̀ pupa yọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó gun òkè. "Ó ku mélòó? Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, àbí?"

Ọ̀gá Orúkọ bo ẹnu rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá yí ímeèlì padà, bí ẹni yí onílé padà ló rí lójú òfin. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní."

Kò sí ìwà tí Bàbá ò hù lọ́jọ́ náà. Onígbàjámọ̀ ní òun gbọ́ ọ nísàlẹ̀, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni, kò fi ibì kan yàtọ̀. Ó dá a lójú pé ọkùnrin yìí ti jókòó ṣètò rẹ̀ ni. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé òfin náà bá gbogbo ayé wí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ san ẹ̀san lè wá òfin tí yóò bá a lára mu.

Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ní nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohùn ọkùnrin ni, ó sì dùn bí oyin.

"Ẹ káàsán, Bàbá wa. A rí i lójú ewé yín pé ẹ fẹ́ kó. Ṣé wọ́n ń dá yín dúró ni?"

"Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ fi ìdúró pa mí!"

"Ẹ má dààmú mọ́, Bàbá wa. Ìdúró wà fún àwọn tí ò mọ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fún wa ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kíákíá la máa bá yín gbé e. Lónìí olónìí."

Nọ́ọ̀sì ì bá ti gé fóònù. Àmọ́ "kíákíá" ti wọ Bàbá lára, ó ti fi ara rẹ̀ sínú àga. Ó pe ọ̀rọ̀ aṣínà náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì tún un pè lẹ́ẹ̀kejì kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa ṣe àṣìṣe. Ó tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Ó wá padà sídìí iṣẹ́, ó ń súfèé.

Kò tíì pé wákàtí kan tí Ọ̀gá Orúkọ já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí gúlegúle, bàtà rẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì.

"Bàbá! Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé orúkọ yín lọ sí òkè òkun nísinsìnyí?"

"Ẹ̀-ẹ́n. Àwọn ọmọlúàbí kan ló ń bá mi ṣe é. Ìdúró rẹ ti tán."

"Ta ni wọ́n? Kí lorúkọ ilé iṣẹ́ wọn?"

Bàbá la ẹnu. Dígí kékeré tó fi ń wo inú aago, tó há sójú rẹ̀, bọ́ sílẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá Orúkọ jókòó sórí àpótí. Ó rọra ṣàlàyé rẹ̀. Olè ni wọ́n. Wọ́n ti wọlé, wọ́n ti béèrè kóòdù lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè gbé orúkọ náà sálọ, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ sì jìnnà débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà á darúgbó sẹ́nu ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọjọ́ kẹtàdínlógójì lòní jẹ́ nínú ọgọ́ta. Ìkìlọ̀ ló yọ lójú kọ̀ǹpútà òun, òun sì ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí òun tó sáré bọ̀.

"Ká ní kò sí ìdúró yẹn ńkọ́?" Bàbá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"À bá ti máa sọ ìtàn míì báyìí, Bàbá."

Bàbá Aláago mú fóònù. Ó tẹ orúkọ náà. Ojú ewé ṣí: Tíṣà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, òun ń wo aago ọwọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ẹ̀rù ló bà á, ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá Orúkọ yíjú sí ògiri, ó ń ka ìṣó. Ibẹ̀ ló ti rí aago bàbá rẹ̀ tó kọjú sí ògiri.

"Kí ni wọ́n ní tèmi ṣe?"

Bàbá dìde, ó yí aago náà padà, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ṣí inú rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tí ìbínú ti kúrò nínú rẹ̀, ó sì rí ohun tó yẹ kó ti rí látijọ́. Sípíríǹgì ló ti rẹ̀. Bí èèyàn bá fi kọ́kọ́rọ́ yí i, agbára rẹ̀ á gbé e fún ọjọ́ márùn-ún bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Ọjọ́ kẹfà ni àárẹ̀ rẹ̀ máa ń jáde.

"Ṣé o rí i?" Bàbá fi hàn án. "Ká ní mo gbé e fún ọ lọ́jọ́ kẹta, wàá máa yìn mí kiri àdúgbò. Inú ilé rẹ ni yóò ti já ọ kulẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí nu irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i.

Sípíríǹgì tuntun fi ogún ọjọ́ rin ìrìn àjò kó tó dé. Bàbá fi í sínú aago, ó gbé e kọ́. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ọgọ́ta ọjọ́ pé, Ọ̀gá Orúkọ fúnra rẹ̀ sì gbé kóòdù náà sọdá títì nínú ìwé pélébé kan. Nọ́ọ̀sì gbé e fún ilé iṣẹ́ tuntun, nítorí ìbúra ṣáà ni ìbúra, oṣù tí Bàbá fi búra sì ti kọjá láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rántí mọ́.

"Ó kù díẹ̀," Ọ̀gá Orúkọ sọ. "Láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ márùn-ún ni. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹ lè dá a dúró. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n tẹ ibì kan, á lọ lẹ́sẹ̀ kan náà."

Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ láti dì í mú.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kó lo ọjọ́ rẹ̀ lórí ògiri."

Ní ọjọ́ kẹrin, aago Ọ̀gá Orúkọ pé ọjọ́ méje láìfi ìṣẹ́jú kan rẹ̀yìn. Ọ̀gá Orúkọ wá gbà á. Bí Bàbá ti ń fi ìwé ìròyìn dì í, ọkùnrin náà ń wo ìṣó mẹ́sàn-án yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Mo rántí Tíṣà ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá forúkọ yìí sílẹ̀, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ tán, ó ku kí wọ́n sọ pé ó yá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí pátákó ara ògiri mi, àwọn á padà wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá wò ó, wọ́n á jókòó, wọ́n á pè é sókè, wọ́n á tún lọ. Ní ọjọ́ keje ni wọ́n tó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ní, ‘Mà, ṣé orúkọ yìí ń ṣàìsàn ni?' Wọ́n ní, ‘Rárá o. Ọkọ mi ló kọ́ mi.'"

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí ìwé ìròyìn. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lódìkejì títì. Ara ògiri tó wà lókè yẹn ni Tíṣà kọ́ orúkọ náà sí. Ibẹ̀ lòun ti fi oṣù mẹ́rin jà kí òun lè já a kúrò.

Ó gbé aago fún oníaago, ó fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sọdá títì. Ọ̀gá Orúkọ tẹ̀ lé e, aago lábẹ́ abíyá. Bí wọ́n ti ń kọjá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ìyẹn gbé abẹ fífá orí sókè.

"Bàbá, ṣé orúkọ ti kúrò ni, àbí kí n pọ́n abẹ?"

"Pọ́n ọn! Kò lọ sí ibì kankan mọ́!"

Ó gun òkè, ó ń mí, ó fi ìka kan kọ̀ǹpútà. "Níbo ni wọ́n ti ń dá a dúró?"

Ọ̀gá Orúkọ gbé aago bàbá rẹ̀ sórí tábìlì, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó wá ibẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró. "Òun rèé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ńlá ni, Bàbá. Ṣé ẹ ò ní sùn lé e lórí kí ilẹ̀ mọ́?"

"Kí n sùn lé kí ni?" Bàbá Aláago pariwo. "Tẹ̀ ẹ́ kíá!"